Wárápá Tí Kì Í Ṣe Wárápá

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lánàá. Ilẹ̀ tutù, ìkùukùu sì bo orí àwọn òkè tó yí Kàbbà ká débi pé èèyàn lè rò pé ìlú náà ń léfòó ni. Nínú oko kan lójú ọ̀nà Odo-Ape, ọkùnrin mẹ́sàn-án tò ní ìlà, kálukú pẹ̀lú poro tirẹ̀, wọ́n ń kọ ebè. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí oko lágbájá, lọ́la oko tàmẹ̀dò, títí tí yóò fi kan gbogbo wọn. Ẹni mẹ́jọ ń rọra bá ara wọn bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn, ó ń kọ ebè lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Láwọ̀yín ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, irùngbọ̀n rẹ̀ kò sì tíì ju mẹ́ta lọ tí èèyàn bá kà á dáadáa. Katakata ni àwọn ẹgbẹ́ àáró ń pè é, nítorí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń túlẹ̀ nìkan ló lè bá a dọ́gba. Bàbá rẹ̀, Ọládipọ̀, jókòó lábẹ́ igi kajú, ó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn.

"Ṣé ẹ rí i? Igba ebè kí oòrùn tó kanrí! Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀!"

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni o. Oògùn ni. Tírámádọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tíráàmù, ni Láwọ̀yín gbé mì kó tó jáde nílé, hóró mẹ́ta, pẹ̀lú omi tútù. Láti ìgbà náà ni ayé ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ewé. Ọkọ́ kò wúwo mọ́. Ilẹ̀ ń ṣí fún un fúnra rẹ̀. Ohùn àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, àfi bí ìgbà téèyàn bá ki orí bọ odò tí wọ́n sì ń pè é láti bèbè. Ó rí i tí àwọn òkè ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín ìkùukùu, kò sì bẹ̀rù. Lójú tirẹ̀, wọ́n wá wo ebè rẹ̀ ni.

Èṣí ló bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí ń dùn ún lẹ́yìn iṣẹ́, Andrew tó dàgbà jù nínú àwọn ọ̀dọ́ àáró sì bu ààbọ̀ hóró kan fún un. "Mì í. Lọ́la, wàá máa rẹ́rìn-ín." Lóòótọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ààbọ̀ di odindi, odindi di méjì. Nígbà tó fi máa mọ̀, kì í tún ṣe ìbàdí ló ń tìtorí rẹ̀ lò ó mọ́. Bí kò bá ti lò ó, imú rẹ̀ á máa ṣomi, inú á máa lọ́ ọ, òógùn tútù á bò ó, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pinnu láti jáwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló padà sí i, ẹ̀rù sì bà á gan-an, torí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ mọ́.

Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ebè tuntun ni ìmọ́lẹ̀ kan kọ mànà lójú rẹ̀. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó lajú, ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ rí, ó funfun, ó sì jìnnà. Iyẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Orí rẹ̀ wà lórí itan Inúmidùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó gbé oúnjẹ wá sóko. Gbogbo ọkùnrin tó kù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ejò.

"Má fọwọ́ kàn án, Inú! Wárápá ni! Itọ́ ẹnu rẹ̀ á kó ràn ọ́!" ni ọ̀kan nínú wọn pariwo.

Inúmidùn kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ìfófò ẹnu àbúrò rẹ̀. "Láwọ̀, èmi ni. Mí dáadáa. Èmi ni mo wà níbí."

Kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: wárápá kì í ràn. Irọ́ àtayébáyé ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọkùnrin mẹ́jọ tó ti ká ọkọ́ wọn, tí wọ́n ti ń lọ sílé kí oòrùn tó yí.

Ní ọjọ́ kejì, Ọládipọ̀ mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn. Nọ́ọ̀sì Yúsràt ló bá wọn, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó yẹ ojú Láwọ̀yín wò, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó sì béèrè pé, "Ǹjẹ́ oògùn kankan wà tí ò ń lò?"

Bàbá ló dáhùn. "Ọmọ tèmi? Kì í mu ju omi lọ! Ẹ bi gbogbo Kàbbà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ni mo bi. Láwọ̀yín?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tọ́ka sí i fún gbogbo ayé pé ọmọ mi nìyí, ọwọ́ náà sì wúwo. "Rárá, mà," ló wí.

Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Ó dáa. Tí o bá rántí nǹkan kan, ìwọ nìkan padà wá. Kò sí ọlọ́pàá nínú yàrá yìí."

Ilé ìwòsàn ọ̀hún kò jìn sílé wọn ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láwọ̀yín kò padà lọ. Kí ló dé? Ó rò ó títí. Bó bá jẹ́ wárápá ni, àwọn èèyàn á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á káàánú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ta ló ń káàánú ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oògùn mì? Orúkọ Katakata á di yẹ̀yẹ́. Andrew náà sì wá bá a lẹ́yìn ilé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún un pé, "Bí o bá ya ẹnu, gbogbo wa ni wọ́n máa kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wárápá ni kí o jẹ́ kó jẹ́." Kó tó lọ, ó fi páálí kan sí i lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ṣe di ilé ìkọ̀kọ̀. Ife Láwọ̀yín yàtọ̀, àwo rẹ̀ yàtọ̀. Ìyá rẹ̀, Rhoda, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì mú un lọ síwájú àwọn alàdúrà. Mo gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Àmọ́ ẹnu ni wọ́n fi ń bẹ̀ Ẹ́ pé kó gba ọmọ là, ohun tó ń pa ọmọ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́sàn-án, Láwọ̀yín á ṣí ìwé ìdánwò rẹ̀ lẹ́yìn ilé, á tẹjú mọ́ òkè. Lẹ́tà inú ìwé á máa wẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́, òkè á máa sún mọ́ ọn, á sì máa padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bí ọ̀sán kan ṣoṣo.

Wàyí o, Inúmidùn ní àfẹ́sọ́nà. Babátọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Ifẹ̀-Olúkòtún, àwọn méjèèjì sì ti fi ìdána sí ẹ̀yìn Àjíǹde. Nílẹ̀ wa níbí, a kì í ti ojú ọ̀nà fẹ́yàwó. Àwọn ará ilé ọkọ á kọ́kọ́ wádìí: ǹjẹ́ wèrè ń bẹ nínú ìdílé wọn? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wárápá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹni mẹ́jọ sì ti rí lóko, ṣé ó ṣeé fi apẹ̀rẹ̀ bò?

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Babátọ́pẹ́ dé pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀, Màmá Ayọ̀kẹ́mi, obìnrin tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́ ńlá torí pé kì í gbé ohùn sókè.

"Okun o, ẹ̀yin ará ilé," ló kí wọn, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa.

"Okun o, mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Wọ́n gbé omi wá. Màmá Ayọ̀kẹ́mi kò mu ún. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá, Láwọ̀yín ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Hóró méjì ló ti mì láàárọ̀, nítorí náà ohùn wọn ń léfòó bọ̀ wá bá a, ó dùn létí, kò sì kàn án.

"Bàbá, a kò bá ti ìjà wá," ni Màmá Ayọ̀kẹ́mi wí. "A fẹ́ràn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé wárápá ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yìí, ẹ ò sì sọ fún wa. Ẹ mọ̀ pé ọmọ la fẹ́ bí."

"Wárápá kẹ̀?" Ọládipọ̀ na ọwọ́ sí Bíbélì orí tábìlì. "Mo fi èyí búra, kò sí wárápá nílé mi, kò sí nílé bàbá mi, kò sí nílé ìyá mi!"

"Ẹni mẹ́jọ ló rí i, sà."

Babátọ́pẹ́ ń wo bàtà ara rẹ̀. Màmá Ayọ̀kẹ́mi wá kọjú sí Inúmidùn tó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ìyàwó mi, ìwọ lo gbé orí rẹ̀ lé itan. Kí lo rí?"

Inúmidùn gbé ojú sókè. "Mà, n kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wárápá ni, àbúrò mi ṣì ni. Mi ò lè tìtorí ilé ọkọ sẹ́ ẹ. Ẹ má bínú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ òrùka tí Babátọ́pẹ́ fi sí i lọ́wọ́. Òrùka náà há, ó ń yí i, omijé ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo ohùn yòókù ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ohùn kan yìí nìkan ló sún mọ́ Láwọ̀yín. Ó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣàn kọjá, bí ó ti jẹ́ kí gbogbo nǹkan ṣàn kọjá láti èṣí. Kó dùbúlẹ̀ kó pa ojú dé, ó tán. Àmọ́ ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn ún débi pé oògùn ọ̀hún kò rí i pa. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó ṣí kọ́tìnì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kì í ṣe wárápá. Kò sí lẹ́jẹ̀ ẹnikẹ́ni níbí." Ó na páálí oògùn náà síwájú. "Èyí ni mò ń mì kí n lè kọ ebè. Ó ti pé ọdún kan. Òun ló gbé mi ṣánlẹ̀. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, mi ò rí i ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ ìyà rẹ̀."

Ọládipọ̀ fò dìde. "Irọ́ ni! Ẹ má dá a lóhùn! Ó fẹ́ fi gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ni. Wárápá ló ní! Wárápá ni mo wí!"

Màmá Ayọ̀kẹ́mi wo Bíbélì, ó wo Ọládipọ̀. "Bàbá," ó rọra wí, "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra tán ni."

Ọkùnrin náà jókòó padà bí ẹni tí wọ́n yọ egungun rẹ̀. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ló ń sọ lábẹ́ ètè. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Rhoda ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná fọhùn. Obìnrin tí kì í dá ọkọ rẹ̀ lóhùn níwájú àlejò ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó dá a lóhùn. "Ikú ta ni? Ẹ̀sín á lọ, Bàbá Inú, bó pẹ́ bó yá. Tí mo bá sin ọmọ mi, ó tán nìyẹn. Mo gbà kí gbogbo Kàbbà máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Àwọn àlejò dìde láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Màmá Ayọ̀kẹ́mi ní àwọn á lọ jíṣẹ́ fún ilé. Kò sí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ tó máa jẹ́.

Ní Mọ́ńdè, Rhoda àti Inúmidùn mú Láwọ̀yín lọ bá Nọ́ọ̀sì Yúsràt. Bàbá kò tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn obìnrin dúró síta díẹ̀, Láwọ̀yín sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, láti orí ààbọ̀ hóró àkọ́kọ́. Nígbà tó parí, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ máa pe ọlọ́pàá báyìí?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Ṣé àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn ni?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àìsàn ni èyí, Láwọ̀yín. Ó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n má dá a dúró lójijì fúnra rẹ. Àwọn dókítà ló máa bá ọ dín ìnira rẹ̀ kù. Ilé ìwòsàn ńlá ní Lọ́kọ́jà ni màá kọ ìwé sí, wàá lo bí oṣù kan."

"Oṣù kan? Ìdánwò mi ńkọ́?"

"Ìdánwò ń bọ̀ lọ́dọọdún."

Ẹkún ló sun jáde nínú yàrá náà. Ohun tó fi ọdún mẹ́fà wá kiri ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pé ó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Lọ́kọ́jà le. Ara ń ro ó, inú ń lọ́ ọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Láti ojú fèrèsé, ó ń rí odò ńlá ìlú náà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń ṣàn lọ láìkánjú nínú ìkùukùu òwúrọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń là. Odò dúró sí àyè rẹ̀, òkè náà dúró sí tirẹ̀. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ní adùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Inúmidùn pè é lórí fóònù. Ó ní Babátọ́pẹ́ ti wá. Wọ́n ti sún ìdána sí ìgbà Kérésì, àwọn kan nínú ilé wọn ṣì ń kùn, àmọ́ Màmá Ayọ̀kẹ́mi ti sọ fún wọn pé ilé tí ọmọ ti lè jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ kì í ṣe ilé tí èèyàn ń sá fún. Ó ní méjì nínú àwọn ọmọ àáró náà ti yọ́ lọ bá Nọ́ọ̀sì Yúsràt. Andrew kò tíì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ tí ilé ìwòsàn máa ń kó àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn jọ sínú gbọ̀ngàn, Ọládipọ̀ wọlé. Ó ti rù. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, kò wò ó lójú. Ó kan ẹbí kan kí wọ́n sọ̀rọ̀, ó kan èkejì, ó sì kan òun. Obìnrin tó ń darí wọn béèrè pé, "Bàbá, kí ló gbé ọmọ yín wá síbí?"

"Ibà," ni Ọládipọ̀ kọ́kọ́ wí. Ó mi orí. "Rárá. Oògùn ni. Ìgbà òjò èṣí ni mo rí páálí rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo dá a padà síbi tí mo ti rí i." Ohùn rẹ̀ já. "Ebè ni mo ń wò. N kò wo ọmọ."

Inú bí Láwọ̀yín. Inú bí i gidigidi, ó fẹ́ dìde kó jáde. Bàbá mọ̀! Gbogbo ọjọ́ tó fi ń fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, Bàbá mọ̀! Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ọkùnrin náà lórí orúnkún, ó ń gbọ̀n, bí ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ṣe gbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

"Dárí jì mí, ọmọ mi," ni Ọládipọ̀ wí lójú gbogbo èèyàn.

Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá? Láwọ̀yín yí sílẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀, bàbá náà tẹ̀ ba, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì sì sunkún láìbojú wo ẹni tó ń wò wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe jíjìnnà ilé ìwòsàn ló dá Láwọ̀yín dúró. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Orúkọ tó gbà lóko ló dá a dúró, àti ìyangàn bàbá rẹ̀, àti ẹ̀rù ọlọ́pàá, àti ẹnu aráyé. Àwọn ohun wọ̀nyí kò ní ọwọ́, síbẹ̀ wọ́n di ilẹ̀kùn mú fún odindi ọdún kan, wọ́n sì fẹ́ gba ẹ̀mí. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Bí oògùn bá ti di ọ̀gá rẹ, wá ẹni kan, kí o sì sọ ọ́ síta bí ohùn rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Ìwọ tí o bá sì rí páálí lápò ọmọ, tàbí lápò ọ̀rẹ́ rẹ, má dá a padà síbẹ̀.